Akọ àti Abo Ìtànná Elégédé

Ẹni tó bá gbin irúgbìn inú elégédé tó rà ní Mile 12 sínú rọ́bà ọ̀dà àtijọ́, lẹ́yìnkùlé ní Mende l'Ékòó, lè kọ́kọ́ bínú sí i. Ìtànná á là, á rọ, á já bọ́. Kò ní so. Elégédé náà kò yàgàn o. Akọ ìtànná ló sábà máa ń ṣáájú, abo ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ pe ọmọ síta ní kùtùkùtù, torí bí oòrùn bá ti mú, gbogbo wọn á ti kákò. Akọ dúró lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn, lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ìyeyè sì bo ohun tó nà ró láàárín rẹ̀. Abo kúrú, elégédé kékeré sì ti wà nídìí rẹ̀ kó tó là rárá. Kí ọmọ fọwọ́ kan lẹ́búlẹ́bú yẹn: á lẹ̀ mọ́ ọn níka. Ó wúwo ju ohun tí atẹ́gùn lè gbé lọ, kò dà bíi ti àgbàdo. Oyin ni alárinà rẹ̀. Omi dídùn ìsàlẹ̀ ìtànná ló bá wá, irun ara rẹ̀ ló sì ń ru lẹ́búlẹ́bú lọ bá abo.

Àwọn òbí kan ń tijú láti dárúkọ akọ àti abo níwájú ọmọdé. Kí ló dé? Ṣebí gbogbo wa la ń pe akọ ìbẹ́pẹ ní akọ ìbẹ́pẹ, èyí tó ń ta ìtànná wálẹ̀ gbọọrọ tí kì í so. Ó máa ń dùn mí bí wọ́n bá gé e dànù, nígbà tí abo ìbẹ́pẹ ilé kejì ń retí rẹ̀.

Ní 1694, ní Tübingen ní Jámánì, onímọ̀ ewéko kan, Rudolf Camerarius, kọ̀wé nípa bó ṣe gé akọ ìtànná kúrò lára làrà kí lẹ́búlẹ́bú wọn tó tú. Làrà náà kò so irúgbìn tó dá. Ọmọ yín lè ṣe irú rẹ̀. Bí abo méjì bá ku ọ̀la kí wọ́n là, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ di méjèèjì nírọ̀lẹ́. Láàárọ̀, kí ọmọ tú ọ̀kan, kó já akọ, kó bọ́ ewé ìtànná rẹ̀ kúrò, kó fi lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ pa àárín abo náà dáadáa, kó sì tún un dì. Kó má fọwọ́ kan ìkejì. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìkejì á rọ, á já. Àkọ́kọ́ á máa wú.

Bó bá gbó, ẹ tọ́jú irúgbìn rẹ̀. Àmọ́ èyí tí oyin bá bá yín ṣe, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ lè ti ọgbà aládùúgbò wá: èso tọdún yìí á jọ ìyá rẹ̀, tọdún tó ń bọ̀ sì lè yàtọ̀ lójú àti lẹ́nu.