Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Sùn

Lọ́dọọdún, bí ìdánwò WAEC bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, ohun kan a máa ṣẹlẹ̀ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama wa tí kò yẹ kí a tún máa gbójú fò. Ọmọ tí ó mọ̀wé, tí kì í kúrò ní ipò kìíní tàbí ìkejì, yóò ṣí ìwé rẹ̀ sílẹ̀, yóò ka ojú ewé kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹrin, kò sì ní lè sọ ohun tí ó kà. Orí a máa fọ́ ọ, ojú a máa ṣú u, oúnjẹ kò ní wù ú jẹ mọ́. Bí ó bá wí fún bàbá rẹ̀, bàbá a ní ọ̀lẹ ni. Bí ó bá wí fún olùkọ́ rẹ̀, olùkọ́ a ní kí ó padà sí ìdí ìwé rẹ̀ kíákíá. Bí ó bá wí fún ìyá rẹ̀, ìyá a ní ọwọ́ ayé ni, a sì mú un lọ sí orí òkè àdúrà. Àwa kò bu ẹnu àtẹ́ lu àdúrà. Ohun tí a ń wí ni pé nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tí ó béèrè iye wákàtí tí ọmọ náà sùn.

Àìsàn yìí kì í ṣe tuntun. Láàárín ọdún 1957 sí 1959, dókítà ará Kánádà kan, Raymond Prince, ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Àrò ní Abẹ́òkúta, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò ti ń tọ́jú àwọn aláìsàn ọpọlọ lọ́nà tí gbogbo ayé fi gbọ́ òkìkí rẹ̀. Ẹjọ́ kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó rí ń rò: orí ń gbóná, ó dà bí ẹni pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀, ìwé kò sì wọlé mọ́. Ní ọdún 1960 ni Prince kọ ọ́ sílẹ̀, tí ó pè é ní *brain fag*, èyíinì ni àárẹ̀ ọpọlọ.

Àwọn kan wá ń wí pé àìsàn ọmọ adúláwọ̀ ni, pé ìwé ti wúwo jù fún wa. Irọ́ gbáà ni! Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ará Ìlú Ọba fúnra wọn ti ń lo orúkọ náà fún àwọn ènìyàn wọn tí iṣẹ́ orí ti tán lágbára. Ìwé atọ́nà àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ọdún 1994 kà á mọ́ àwọn àìsàn tí ó jẹ́ ti ẹ̀yà kan tàbí òmíràn. Èyí tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 2013 kò kà á mọ́ wọn mọ́. Ẹnikẹ́ni tí a bá di ẹrù lé lórí ju agbára rẹ̀ lọ ni ó lè ṣe.

Ẹrù ọ̀hún kò sì kéré. Kírẹ́díìtì márùn-ún, èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú wọn, ni yunifásítì ń béèrè. Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò JAMB, tí èsì rẹ̀ kò wúlò ju ọdún kan ṣoṣo lọ. Ọmọ mọ̀ pé ìyá òun ti ta aṣọ òkè rẹ̀, pé àbúrò méjì ń dúró kí òun tó wọlé. Ṣé ó wá yẹ kí a tún máa rán an létí lójoojúmọ́ pé òun ni ìrètí ilé?

Ẹ wo ohun tí a fi ń ràn wọ́n lọ́wọ́: lẹ́sìnnì kí ilẹ̀ tó mọ́, lẹ́sìnnì títí ilẹ̀ fi ṣú, obì àti kọfí, ẹsẹ̀ nínú abọ́ omi tútù kí oorun má baà gbé wọn lọ. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Hermann Ebbinghaus, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, ti fi ara rẹ̀ ṣe ìwádìí, ó sì fi hàn ní ọdún 1885 pé ohun tí a bá pín kọ́ sí ọjọ́ mélòó kan kò gba wàhálà tó èyí tí a rọ́ sórí ní ọjọ́ kan. Àwọn onímọ̀ òde òní sì fi kún un pé nígbà tí a bá sùn ni ọpọlọ ń to ohun tí a kà sí ààyè rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó gba oorun lọ́wọ́ ọmọ ní alẹ́ ọjọ́ ìdánwò, ohun tí ọmọ ti mọ̀ gan-an ni ó ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ni a ń bá sọ̀rọ̀ jù lọ, nítorí ẹ̀yin ni ẹ ń rí ọmọ náà lójoojúmọ́. Ìbéèrè àtẹ̀yìnwá tí ẹ ń kó jọ sí oṣù ìkẹyìn, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti táàmù kìíní. Bí ó bá ti rẹ ọmọ, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ó lọ gbá bọ́ọ̀lù, kí ó lọ ta ayò. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí kò sàn, tàbí tí ó ń wí pé ayé ti sú òun, ilé ìwòsàn ni kí ẹ mú un lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe dúró de ìparí ìdánwò.

Ẹ̀yin tí ẹ sì wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ rántí pé nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní oṣù January ọdún 1955, bí ọmọ tálákà yóò ṣe rí ilé ẹ̀kọ́ wọ̀ ni gbogbo ènìyàn ń rò. Ó wọ̀ ọ́. Bí àwọn olùdíje bá tún dé ìloro yín, ẹ bi wọ́n léèrè bóyá olùgba-akẹ́kọ̀ọ́-nímọ̀ràn kan ṣoṣo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama àdúgbò yín.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan fún òbí. Ọmọ tí ó bá fìdí rẹmi ní WAEC lè tún un ṣe, nítorí àjọ náà a máa ṣe ìdánwò fún àwọn tí kò sí ní ilé ẹ̀kọ́ mọ́, púpọ̀ nínú àwọn yunifásítì wa a sì máa gba èsì ẹ̀ẹ̀mejì pa pọ̀. Ẹ sọ èyí fún un kí ìdánwò tó dé, kí ó ti ẹnu yín gbọ́ ọ.