“Àgbébọ̀ Ni O, Mọ́mì”: Òótọ́ àti Irọ́ Nípa Òròmọdìẹ Inú Páálí

Ní ibùdókọ̀ CMS ní Marina, ẹni tó ń kiri òròmọdìẹ mọ ohun tó yẹ kó sọ fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ ti kọwọ́ bọ páálí: “Àgbébọ̀ ni o, Mọ́mì, á yé ẹyin fún yín.” Ọmọ sunkún, ìyá sanwó, ó di Ìsàlẹ̀ Èkó. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́rin, “àgbébọ̀” bẹ̀rẹ̀ sí í jí gbogbo agbo ilé kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà.

Ẹ má tíì bínú sí ọlọ́jà, ibi tí òròmọdìẹ náà ti wá ni kí ẹ wò. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń fi ẹ̀rọ pa ẹyin adìẹ àgíríìkì ń ta abo fún àwọn tó ń ṣòwò ẹyin. Akọ kì í yé, kì í sì í tètè sanra bíi bróílà, nítorí náà ọjọ́ tó jáde nínú èèpo ni wọ́n ti ń yà á sọ́tọ̀. Ní Jámánì, ńṣe ni wọ́n ń pa á dànù kí òfin tó kà á léèwọ̀ lọ́dún 2022. Tiwa sàn díẹ̀: owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà á, àwọn kan ń sìn ín de Kérésì, àwọn mìíràn ń bọ́ sínú páálí oníkirì. Ẹni tó rò pé akọ àti abo pé ìdajì ìdajì nínú páálí yẹn ń tan ara rẹ̀ jẹ. Wọ́n ti ṣà á kó tó dé Marina.

Ti Isa Brown, irú adìẹ àgíríìkì kan, kò ṣòro láti mọ̀: abo ń jáde ní pupa rúsúrúsú, akọ ní ìyeyè tó ṣì. Àwọn tí àwọ̀ wọn kò yàtọ̀, ihò ìdí ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Kiyoshi Masui àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan ló gbé ọgbọ́n yẹn jáde ní àwọn ọdún 1920, ẹni tó sì mọ̀ ọ́n dunjú lè yẹ bí 1,000 wò láàárín wákàtí kan. Ẹ má dán an wò nílé. Ikùn òròmọdìẹ ò gba títẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ yìí ni wọ́n wá ń gbé lé adìẹ ìbílẹ̀ lórí. Kò bá a mu. Àwọn onímọ̀ ló mọ̀ọ́mọ̀ yan baba àti ìyá tí àwọ̀ ọmọ wọn á fi máa sọ bóyá akọ ni tàbí abo. Abọ́lọ́rùn tó ń jẹ̀ kiri Ìdúmàgbò, ta ló bá a yan ọkọ?

Irọ́ tó dàgbà jù ni ti ẹyin: wọ́n ní èyí tó ṣe ṣóńṣó, akọ ni, èyí tó rí roboto, abo. Columella ará Róòmù kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn. Aristotle tó ti ṣáájú rẹ̀ ní òdìkejì ni. Àwọn méjèèjì ló ṣì í. Lóòótọ́ ẹyin ní ń di àkùkọ, àmọ́ ara ìyá adìẹ ló ti ń pinnu rẹ̀ kí èèpo tó bo ẹyin rárá. Ti pé kí wọ́n gbé òròmọdìẹ lẹ́sẹ̀ sókè, kí wọ́n wò ó bóyá á jà láti fi mọ akọ, ẹ̀rù ló ń bà á, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àmì gidi ń bẹ, sùúrù ló gbà. Ní bí ọ̀sẹ̀ 5 sí 6, ogbe akọ á ti máa ga, á máa pọ́n, nígbà tí ti abo ò tíì lẹ́jẹ̀ lára. Tó bá di bí oṣù 3, ẹ fìka ya ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tó ti fẹ́ kan ìrù. Ti akọ gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ti abo fẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì rí roboto. Ìyẹ́ yìí ni mo gbà gbọ́ ju ogbe lọ, torí pé ogbe sáàgo tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yé náà máa ń pọ́n.

Kíkọ pàápàá ò parí ẹjọ́. Àwọn àgbà kan ní àgbébọ̀ tó bá kọ ti fa ibi wọlé, ọ̀bẹ ló kàn. Kì í ṣe àwa nìkan: ní Basel, ní Switzerland, lọ́dún 1474, wọ́n dá àkùkọ lẹ́jọ́ pé ó yé ẹyin, wọ́n sì dáná sun ún. Ilé ẹyin kan ṣoṣo ni adìẹ ń lò, èyí tó wà lápá òsì. Bí àìsàn bá bà á jẹ́, ogbe lè ga, àgbébọ̀ lè kọ. Àìsàn ni, kì í ṣe àjẹ́.

Ṣé àkùkọ wá ṣeé sìn fún ọmọdé? Ó ṣeé sìn. Irọ́ ni pé gbogbo wọn ló ń ṣá ènìyàn. Àmọ́ kí òròmọdìẹ tó di àkùkọ, òtútù lè pa á: ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ gba ooru bí 35°C, méjì sì sàn ju ọ̀kan tó ń dá ké lọ. Ẹ fún un ní àjẹsára lùkúlùkú. Kí ọmọ má fẹnu kò ó lẹ́nu, kó sì máa fi ọṣẹ fọwọ́. Èkó níbí ni bọ́ọ̀dù-fúlúù ti pa obìnrin kan ní oṣù January 2007. Ẹ má sì fi aṣọ bo àgò nítorí ariwo. Àwọn onímọ̀ ní Nagoya fi hàn lọ́dún 2013 pé aago inú ara ló ń sọ fún àkùkọ pé ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́, bí ìmọ́lẹ̀ ò tilẹ̀ yí padà.

Ẹni tó bá jẹ́ pé ẹyin ló ń wá, sáàgo tó ti tó yé ni kó rà lọ́wọ́ ẹni tó ń sin adìẹ. Ó wọ́n ju ti inú páálí lọ dáadáa.