Alákàrà àti Oníwárápá

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ á rántí pé ọ̀rọ̀ ọjà ni mo sábà fi ń kọ́ yín ní àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Oní- àti àkàrà, ó di alákàrà. Oní- àti èlùbọ́, ó di elélùbọ́. A- àti rán aṣọ, ó di aránṣọ. Ohun tí n kò tẹnu mọ́ nígbà náà ni pé oní- yìí náà ló bí oníwárápá, a- yẹn náà ló sì bí adẹ́tẹ̀. Obìnrin kan ládùúgbò wa n'Ìbàdàn ló là mí lójú.

Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń dín àkàrà ní oríta wa. Ìyá Alákàrà là ń pè é, n kò tiẹ̀ mọ orúkọ àbísọ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wárápá gbé e ṣubú lẹ́bàá agbada. Ọlọ́run yọ ọ́, apá rẹ̀ nìkan ni epo jó. Àwọn kan sá lọ, ẹnì kan sì fẹ́ fi ṣíbí la eyín rẹ̀. (Ẹ má dán an wò o! Ẹ gbé ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí, ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ fi nǹkan rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ọsibítù yá.) Kó tó di ọjọ́ kẹta, ó ti di oníwárápá. Wọ́n ní itọ́ ẹnu rẹ̀ ti ta sínú epo. Bẹ́ẹ̀ wárápá kì í ràn. Inú ọpọlọ ló ti ń wá: iná tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ló máa ń ṣàdédé pọ̀ jù fúngbà díẹ̀. Àmọ́ ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Àkàrà ń tutù sínú abọ́.

Ẹ wá wo gírámà wa. Nínú gbólóhùn, a kì í dá aláìsàn lẹ́bi. "Wárápá gbé e": wárápá ni olùwà, èèyàn ni àbọ̀. "Ibà ń ṣe mí" náà, bákan náà ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ti pè é ní oníwárápá, a ti sọ ọ́ di ẹni tó ni àìsàn náà bí alákàrà ṣe ni àkàrà, àfi bíi pé òun ló gbé e wá sọ́jà.

Èlùbọ́ ló yí sí. Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ èlùbọ́. "Ẹ wò ó, Prof, ẹni tó ra èlùbọ́ á lọ rò ó fúnra ẹ̀ nínú omi gbígbóná, ọkàn ẹ̀ á balẹ̀. Àkàrà, ẹnu ló ń lọ tààrà. Èmi náà ò sì tún fẹ́ dúró ti epo mọ́." Kò sí ẹni tó kọ́ ọ nílé ìwé ìṣòwò kankan.

Oògùn ló kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú 100 ẹni tó ní wárápá, ó lè tó 70 tí kò ní máa gbé mọ́, bí wọ́n bá rí àyẹ̀wò àti oògùn tó yẹ. Ojoojúmọ́ ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ lò ó. Ibi tó ti le fún oníṣòwò kékeré nìyẹn, nítorí ọjọ́ tí ọjà bá dá, owó oògùn ló kọ́kọ́ ń gé. Kò kúkú sí ibi tó ń dùn ún. Bó bá fi oògùn sílẹ̀ lójijì, ó lè gbé e ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, lójú ọjà, ọjà á sì tún dá sí i. Káàdì àjọ méjì ni Ìyá yìí ń dá báyìí, ọ̀kan fún owó òwò, ọ̀kan fún oògùn. Alájọ ò mọ èwo ni èwo. Oògùn náà máa ń kùn ún lóorun láàárọ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń bá a pàtẹ.

Lóṣù tó kọjá, mo gbọ́ tí aládùúgbò mi kan ń rán ọmọ níṣẹ́ pé kó lọ ra èlùbọ́ lọ́wọ́ Ìyá Elélùbọ́.

"Èwo nínú wọn, mà?"

"Èyí tó máa ń fi èènì sí i."