Èwo Ló Máa Kọ́kọ́ Tán? Ìṣirò Kẹ́mísírì Nínú Ìkòkò Ọṣẹ

Ọ̀rọ̀ tòní jẹ́ ti ẹ̀yin tí ẹ ń múra fún ìdánwò WAEC, ó sì jẹ́ ti ẹ̀yin tí ẹ ń se ọṣẹ tà. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rò pé kò sí ohun tó kan ara wọn nínú méjèèjì. Ìṣirò kan náà ni. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣì í, yóò pàdánù máàkì. Bí ọlọ́ṣẹ bá ṣì í, awọ ara oníbàárà ni yóò bó.

Ẹni tó bá mọ Ìdí-Ìrókò mọ̀ pé epo pupa kò ṣọ̀wọ́n lágbègbè yẹn. Ilẹ̀ ọ̀pẹ ni, ní ẹ̀gbẹ́ tiwa níhìn-ín àti lódìkejì ibodè, títí dé Pobè ní ilẹ̀ Benin, níbi tí wọ́n ní ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sí. Nítorí náà, ìkòkò ọṣẹ la ó lò fún ẹ̀kọ́ yìí. Ṣùgbọ́n kí a tó gbé ìkòkò kaná, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ to ọ̀kadà.

Mẹkáníìkì kan ní ara ọ̀kadà 9 nílẹ̀, ó sì ní táyà 14. Ọ̀kadà mélòó ni yóò tò? 7 ni, nítorí pé táyà 2 ni ọ̀kadà kan ń lò. Táyà ló kọ́kọ́ tán, ara ọ̀kadà 2 yóò sì jókòó sílẹ̀ láìníṣẹ́. Ẹ wò ó dáadáa: táyà ló pọ̀ jù níye, síbẹ̀ òun ló kọ́kọ́ tán. Ohun tó kọ́kọ́ tán yìí ni ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ń pè ní limiting reactant. Lórí ètò yìí, èròjà apààlà ni a ó máa pè é, torí òun ló ń pààlà ibi tí iṣẹ́ lè dé. Èyí tó ṣẹ́kù ni èròjà àṣẹ́kù.

Ó dáa, ìkòkò ọṣẹ ti délẹ̀ báyìí. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Michel Eugène Chevreul, ló ṣàlàyé ohun tó wà nínú ọ̀rá àti epo fún aráyé, nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1823. Ìyẹn jẹ́ ọgọ́rùn-ún ọdún gééré kí Lever Brothers tó dá ilé-iṣẹ́ ọṣẹ wọn sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1923. Ohun tí a mọ̀ nípa epo nìyí: ẹyọ epo kan dà bí ẹni tó ní apá mẹ́ta. Ẹyọ kọ́sítíìkì sódà kan ló ń já apá kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá já tán, ẹyọ ọṣẹ mẹ́ta yóò jáde, ibi tí àwọn apá náà so mọ́ tẹ́lẹ̀ yóò sì di gílísáríìnì kan. Nítorí náà, epo 1, kọ́sítíìkì 3. Ó jọ ti ọ̀kadà àti táyà.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé a lè ka táyà, a kò lè ka ẹyọ epo. Òṣùwọ̀n nìkan la ní. Ibí yìí ni mole ti wúlò. Ọlọ́jà ẹyin kì í ka ẹyin lọ́kọ̀ọ̀kan, kíréètì ló fi ń kà á, kíréètì kan sì jẹ́ 30. Mole náà dà bí kíréètì, àmọ́ iye tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ kọjá sísọ. Kíréètì ẹyin àparò àti kíréètì ẹyin adìyẹ lè jẹ́ 30 méjèèjì, ṣùgbọ́n ìwọ̀n wọn kò lè dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ náà ni mole 1 kọ́sítíìkì jẹ́ gíráàmù 40, tí mole 1 epo pupa sì jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 847. Mo ní “nǹkan bíi” torí pé àdàlù oríṣiríṣi ọ̀rá ni epo pupa.

Epo mole 1 nílò kọ́sítíìkì mole 3, ìyẹn gíráàmù 120. Bí gíráàmù 847 bá gba 120, kílò 1 epo yóò gba nǹkan bíi gíráàmù 142. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ pé ìyá ọlọ́ṣẹ kan gbé epo pupa kílò 5 kaná, ó sì po gíráàmù 900 kọ́sítíìkì mọ́ ọn. Èwo ni apààlà? Bí mo bá bi kíláàsì léèrè, ọ̀pọ̀ ọmọ yóò pariwo pé kọ́sítíìkì ni, torí pé kò tó kílò 1, epo sì jẹ́ kílò 5. Ìdáhùn yẹn kọ́ o! Epo kílò 5 kò nílò ju 5 × 142 lọ, ìyẹn gíráàmù 710. Ó fi 900 sí i. Epo ni yóò kọ́kọ́ tán, gíráàmù 190 kọ́sítíìkì yóò sì ṣẹ́kù tí kò ní rí epo kankan bá ṣiṣẹ́ mọ́. Kò ní fò lọ. Inú ọṣẹ ló máa jókòó sí, tí yóò máa dúró de ẹni tó máa fi fọ aṣọ tàbí tó máa fi wẹ ọmọ. Ata tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ọṣẹ kan ń ta sí àwọn lọ́wọ́, ibẹ̀ ló sábà máa ń ti wá.

Bí ó bá jẹ́ gíráàmù 500 ló fi sí i ńkọ́? Kọ́sítíìkì ni yóò di apààlà nígbà náà. Ẹ pín 500 sí 142: epo bíi kílò 3.5 ló máa di ọṣẹ, kílò 1.5 yóò ṣì jẹ́ epo. Ọṣẹ yẹn á rọ̀, á máa yọ̀ lọ́wọ́, bó bá sì pẹ́ nílẹ̀ yóò máa rùn. Kò dára fún títà, ṣùgbọ́n kò ní bó ẹnikẹ́ni lára.

Ìdí nìyẹn tí ọlọ́ṣẹ tó mọṣẹ́ fi máa ń mọ̀ọ́mọ̀ dín kọ́sítíìkì kù díẹ̀, bóyá ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Dípò 710, yóò wọn 675. Ó fẹ́ kí kọ́sítíìkì jẹ́ apààlà ní gbogbo ìgbà, kí epo díẹ̀ ṣẹ́kù láti máa tọ́jú awọ ara. Lójú tèmi, ó yẹ kí olùkọ́ tẹnu mọ́ èyí ju bó ṣe wà nínú ìwé lọ: kì í ṣe ká kàn wá apààlà rí lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí, a lè yan èyí tó máa jẹ́ apààlà kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ìyá wa tó ń fi omi eérú se ọṣẹ dúdú ṣe é bẹ́ẹ̀ láìní òṣùwọ̀n. Agbára eérú kì í dọ́gba láti ọjọ́ kan sí èkejì, nítorí náà wọ́n á máa bù ú sí i díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa wo bó ṣe ń ki.

Ó ku ìkórè, ìyẹn yield. Ẹ padà sórí epo kílò 5 tó tán pátápátá. Nínú ìṣirò, kílò 1 epo yóò mú ọṣẹ bíi gíráàmù 1,033 jáde, àti gílísáríìnì bíi gíráàmù 109. Kílò 5 yóò mú ọṣẹ gíráàmù 5,165 wá. Ìyẹn ni ìkórè inú ìwé, a kò lè rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èròjà apààlà la fi ń ṣírò rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, a kì í fi èyí tó ṣẹ́kù ṣe é.

Ìyá wa gé ọṣẹ, ó gbé e sórí ìwọ̀n, ó bá kílò 6.3. Inú rẹ̀ dùn. Ẹ pín 6,300 sí 5,165, kí ẹ sọ ọ́ di ọ̀nà ọgọ́rùn-ún: 122. Báwo ni èèyàn ṣe lè kórè 122 nínú 100? Kò ṣeé ṣe. Omi ló pọ̀ jù nínú ohun tó wọ̀n, gílísáríìnì wà níbẹ̀, kọ́sítíìkì tó ṣẹ́kù náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ìdáhùn yín bá ti ju 100 lọ, ẹ padà lọ wò ó: bóyá ohun tí ẹ wọ̀n kò gbẹ, bóyá apààlà ni ẹ yàn ṣì.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń da omi iyọ̀ sí i kí ọṣẹ lè léfòó, kí gílísáríìnì àti kọ́sítíìkì sì bá omi lọ. Bí ìyá wa bá ṣe bẹ́ẹ̀, tó sá ọṣẹ gbẹ dáadáa, tó wá bá gíráàmù 4,700, ìkórè rẹ̀ jẹ́ 91 nínú ọgọ́rùn-ún. 9 tó kù ti lẹ̀ mọ́ ìkòkò, ó ti bá omi lọ, ó wà lára ọ̀bẹ.

Ẹ má sì ka ohun tí iṣẹ́ fúnra rẹ̀ gbà lọ mọ́ àdánù. Àpẹẹrẹ kan wà nítòsí: òkúta ẹfun tí wọ́n ń wà ní Ìbèṣè láti fi ṣe símẹ́ńtì. Bí a bá sun kílò 100 ògidì òkúta yẹn, ẹfun gbígbẹ kílò 56 péré ló lè ṣẹ́kù. 44 ti di afẹ́fẹ́. Ẹni tó rí 56 kórè 100 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó rí 53 ló kórè bíi 95.

Ìkìlọ̀ díẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ dán an wò. Kọ́sítíìkì tí wọ́n ṣí sílẹ̀ máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, nítorí náà gíráàmù 710 inú ọ̀rá tó ti ṣí tipẹ́ kò pé 710 mọ́. Kọ́sítíìkì la ń dà sínú omi, a kì í da omi lé e lórí. Ẹ má lo ìkòkò alumíníọ̀mù, ó máa jẹ ẹ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo ojú yín.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: àdí kì í ṣe epo pupa, kílò 1 rẹ̀ ń gba nǹkan bíi gíráàmù 176 kọ́sítíìkì. Ẹnì kan po àdí kílò 2 pọ̀ mọ́ gíráàmù 300. Èwo ni apààlà, kí ló sì ṣẹ́kù? Ẹ fi ìdáhùn ránṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀nà tí ẹ gbà ṣe é, a ó ṣí i wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.