Ìlépa Tí Ó Ṣeé Kà fún Àwọn Tí Ń Bá Wa Jáde Lọ Wá Oníbàárà

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ nínú ìwé wa ti ìgbà yìí kan àpò olúkúlùkù ìdílé. Ó kan owó ilé-ìwé àwọn ọmọ, ó kan owó oògùn, ó sì kan àlàáfíà àárín wa.

Ní ọ̀pọ̀ ibùdó, àwọn ará a máa dá owó ọkọ̀ jọ, wọn a yan ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọn a ní kí wọ́n lọ sí ìlú lọ wá àwọn tí yóò ra gàrí, iṣu tàbí àgbàdo wa. Bí oṣù méjì bá kọjá, a óò pe ìpàdé. Ẹnìkan a béèrè pé, "Kí ni ẹ rí mú bọ̀?" Wọn a dáhùn pé, "A gbìyànjú." Ẹlòmíràn a ní owó ọkọ̀ ni wọ́n fi jẹun. Àwọn tí a rán níṣẹ́ a bínú, ìjà a sì bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè fi ẹ̀rí gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, nítorí pé ní ọjọ́ tí a rán wọn, a kò sọ iye ohun tí a fẹ́ fún wọn. "Ẹ lọ bá wa wá oníbàárà" kì í ṣe ìlépa. Ìfẹ́ ọkàn lásán ni.

Ìdí tí a fi ní láti jáde

Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá àwọn ibùdó oko sílẹ̀ láti ọdún 1959, tí wọ́n wo àpẹẹrẹ orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì, àgbẹ̀ tí ó gbin kòkó mọ ibi tí yóò tà á sí. Láti ọdún 1947 ni ìgbìmọ̀ ìjọba ti wà tí ń ra kòkó. Ní ọdún 1977, ìjọba àpapọ̀ dá ìgbìmọ̀ méje sílẹ̀ fún irè oko, títí kan ọkà àti àwọn irè abẹ́ ilẹ̀ bí ẹ̀gẹ́ àti iṣu. Ní ọdún 1986, wọ́n tú gbogbo wọn ká. Láti ìgbà náà, àgbẹ̀ ni ó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ẹni tí yóò ra ọjà rẹ̀.

Fún àwa tí a wà lẹ́yìn odi, ọ̀rọ̀ náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó wà nílé lè ní ìyá tàbí àbúrò tí ó ní ìsọ̀ ní Bódìjà. Níhìn-ín, èdè ọjà lè jẹ́ Haúsá tàbí Núpé, ẹni tí ó sì ń ta ọjà kò mọ̀ wá rí. Bí a bá jókòó sí etí títì pẹ̀lú àpò gàrí, ẹni tí mọ́tò rẹ̀ bá ṣèèṣì dúró nìkan ni yóò ra.

Ẹ̀gẹ́ pàápàá kò ní sùúrù. Bí a bá ti hú u, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni yóò ti máa bàjẹ́. Gàrí tí a yan gbẹ dáadáa lè pẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ṣùgbọ́n owó ilé-ìwé kì í dúró de gàrí. Bí oṣù Kẹjọ bá ń parí lọ tí kò sí oníbàárà, alágbàtà a wọlé dé, a sì fẹ́ ra ẹ̀gẹ́ tí ó ṣì wà nínú ilẹ̀ ní iye tí ó bá wù ú. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ wọlé kò ní ẹnu tí yóò fi nájà. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ àwọn tí ń jáde fi gbọ́dọ̀ ní ìṣirò nínú.

Kí ni ìlépa tí ó ṣeé kà?

Ní ọdún 1954, ọ̀gbẹ́ni Peter Drucker kọ ìwé kan ní Amẹ́ríkà lórí bí a ṣe ń ṣe àkóso iṣẹ́. Ó sọ níbẹ̀ pé ó yẹ kí òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá jọ fi ẹnu kò lórí ohun tí wọ́n ń lé, kí òṣìṣẹ́ lè fi ojú ara rẹ̀ rí bóyá òun ń dé ibẹ̀. Ní ọdún 1981, George Doran, tí òun náà jẹ́ ará Amẹ́ríkà, kó ohun tí ìlépa dáradára gbọ́dọ̀ ní jọ sí ọ̀nà márùn-ún. A lè sọ wọ́n di ìbéèrè márùn-ún lọ́nà tiwa:

1. Ṣé ó dájú? Irè wo ni, ọjà wo ni?
2. Ṣé ó ṣeé kà tàbí ṣeé wọ̀n? Àpò mélòó, oníbàárà mélòó?
3. Ta ni yóò ṣe é? Ẹ dárúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ gbogbo ayé kì í ṣe iṣẹ́ ẹnikẹ́ni.
4. Ṣé agbára wa ká a?
5. Ọjọ́ wo ni yóò parí?

Ẹ fi ọ̀rọ̀ méjì yìí wé ara wọn. Èkíní: "Kí ẹ gbìyànjú láti ta gàrí púpọ̀." Èkejì: "Kí àwọn mẹ́ta tí a yàn ta 240 àpò gàrí, kí owó sì ti wọlé kí oṣù Kẹjọ tó parí." Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè dìde ní ìpàdé kí ó sọ bóyá èkejì ti ṣẹ tàbí kò ṣẹ. Kò sí ẹni tí ó lè sọ ìgbà tí èkíní parí.

Ẹ jẹ́ kí á ka ìṣirò náà láti ẹ̀yìn wá

Ohun tí a fẹ́ ní ìparí ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn nọ́ńbà yìí. Ẹ fi ti ibùdó yín rọ́pò wọn.

Ká sọ pé 240 àpò ni a fẹ́ tà, oníbàárà kan sì máa ń ra 20 àpò. Oníbàárà 12 ni a nílò. Ká sọ pé ìwé wa fi hàn pé nínú ẹni 10 tí a bá lọ rí, ẹni 2 ni ó ń rà. A jẹ́ pé ẹni 60 ni a ní láti lọ bá. Ènìyàn mẹ́ta ni a rán: ẹni 20 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀sẹ̀ 10 bá wà nílẹ̀, ẹni 2 lọ́sẹ̀ kan péré ni. Iṣẹ́ tí ó dà bí òkè lójú ti di ohun tí a lè ṣe. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà.

Ẹ ṣírò owó ọkọ̀ pẹ̀lú. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ìrìn 30 ni gbogbo rẹ̀. Bí ìrìn kan bá gba ₦4,000, ó di ₦120,000. Ẹ pín in sí 240 àpò: ₦500 ni owó ọkọ̀ wà lórí àpò kan. Ẹni tí kò bá fi èyí kún iye tí ó ń tà, èrè ara rẹ̀ ni ó ń fún awakọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ padà wo oko. Bí àpò kan bá jẹ́ kílò 50, 240 àpò jẹ́ tọ́ọ̀nù 12. Tọ́ọ̀nù gàrí kan ń gba bíi tọ́ọ̀nù mẹ́rin sí márùn-ún ẹ̀gẹ́ tútù. Nítorí náà a nílò tọ́ọ̀nù 48 sí 60. Ǹjẹ́ ẹ̀gẹ́ tí ó gbó tó bẹ́ẹ̀ wà nínú ilẹ̀? Ǹjẹ́ ẹ̀rọ tí a fi ń lọ̀ ọ́ àti ọwọ́ àwọn ìyá tí ń yan gàrí ká a? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ẹ dín ìlépa kù nísinsìnyí. Oníbàárà tí a ṣèlérí fún tí kò rí ọjà kì í padà wá.

Nọ́ńbà tí ó wà lọ́wọ́ wa àti nọ́ńbà tí ó wà lọ́wọ́ ọjà

Iye ẹni tí a lọ rí, iye gàrí ìtọ́wò tí a fi sílẹ̀, iye ẹni tí a tún padà lọ bá: ọwọ́ wa ni ìwọ̀nyí wà. Iye àpò tí a tà àti iye owó tí ó wọlé: ọjà ni ó ni wọ́n. A gbọ́dọ̀ ka méjèèjì. Bí ẹni tí a rán bá lọ rí ẹni 20 tí kò sì tà, ìtìjú kọ́. Bóyá gàrí wa ni kò kẹ̀ tó fún àwọn ará ibẹ̀, tàbí iye wa ni ó ga jù. Bí kò bá lọ rí ju ẹni mẹ́ta lọ, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ẹ kíyè sí i pé ohun tí a bá kà ni ènìyàn máa ń ṣe. Bí a bá ka ìrìn nìkan, wọn yóò máa rìn káàkiri lọ́dọ̀ ẹni tí kò ní í rà. Bí a bá ka àpò nìkan, wọn yóò tà á ní ọ̀pọ̀ tàbí ní àwìn kí nọ́ńbà lè pé. Nítorí náà ẹ fi odi méjì yí i ká: iye tí a kò gbọdọ̀ tà sísàlẹ̀ rẹ̀, àti ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ wọlé, bí ọjọ́ 14 lẹ́yìn tí ọjà dé. Àpò tí a kò tíì gba owó rẹ̀, ẹ má ṣe kà á mọ́ èyí tí a tà.

Ìwé àkọsílẹ̀

Ìwé ilé-ìwé kan tó. Ẹ fa ìlà sí i: ọjọ́, orúkọ oníbàárà àti ọjà rẹ̀, nọ́ńbà fóònù, ohun tí ó sọ, ọjọ́ tí a óò tún pè é, iye àpò, owó tí ó san, owó tí ó kù. Ìlà "ọjọ́ tí a óò tún pè é" ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò tí ó kọ̀ lónìí, gàrí ni ó ṣì wà ní ìsọ̀ rẹ̀. Bí ó bá tà á tán, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ pè é ni yóò rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ máa pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ààbọ̀ wákàtí, kí ẹ ka ìwé náà sí etí ara yín. Bí ọ̀sẹ̀ kẹta bá kọjá tí ọjà kan kò mú ẹnì kan wá, ẹ gba ọjà mìíràn lọ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ohun tí a kò gbọdọ̀ fi ìlépa ṣe

Ìlépa kì í ṣe pàṣán. Ẹ má ṣe gba owó ọkọ̀ padà lọ́wọ́ ẹni tí ó rin ìrìn rẹ̀ pé, tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí obìnrin wà nínú àwọn tí a ń rán, nítorí àwọn ni wọ́n mọ gàrí. Abiyamọ tí kò lè rin ìrìn àjò lè máa fi fóònù pe àwọn tí a ti lọ rí, kí a sì ka èyí mọ́ iṣẹ́ fún un. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rìn lóru nítorí nọ́ńbà, kí owó ọjà sì máa gba ilé ìfowópamọ́ kọjá. Bí a bá dé ọjà tí kì í ṣe tiwa, ẹ kọ́kọ́ lọ kí olórí ọjà, Sarkin Kasuwa tàbí ẹni tí ó bá jẹ́, kí ẹ tó na ọwọ́ sí ẹnikẹ́ni.

Kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó dé, kí agbo ilé kọ̀ọ̀kan wá nọ́ńbà mẹ́ta sílẹ̀: iye àpò tí wọn yóò ní láti tà, iye tí wọ́n nílò kí ilé-ìwé tó wọlé, àti orúkọ oníbàárà tí wọ́n ti bá ṣòwò rí. Lórí mẹ́ta yìí ni a óò jókòó ṣe ìlépa ti ọdún yìí, tí a óò kọ ọ́ sára ògiri gbọ̀ngàn kí gbogbo ojú lè rí i. Kí Ọlọ́run bù sí iṣẹ́ ọwọ́ wa o.