Ológbò ilé yín àti òfin ìlú

Ọ̀rọ̀ ológbò la mú wá lónìí.

Àwọn àgbà ní bí ológbò bá kúrò nílé, ilé di ilé èkúté. Ẹni tó ń ta àgbàdo mọ ohun tá à ń wí. Èkúté ló sì ń gbé ibà Lassa kiri, èyí tó ṣọṣẹ́ ní Tchaourou níbí. Nítorí náà, a ò ní kẹ́ ẹ má sin ológbò o. Ẹ sìn ín bó ṣe yẹ ni.

Kí lòfin wí? Òfin 2021-14 ti oṣù Kejìlá ọdún 2021 fi ìmọ́tótó àti àlàáfíà ìlú sábẹ́ àṣẹ maire. Code civil náà sọ, ní article 1385, pé ẹni tó ni ẹranko ló máa dáhùn fún ohun tó bá bàjẹ́, ìbáà wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ìbáà ti ṣìnà. Bí ológbò yín bá ya ọmọ aládùúgbò, “ó ti sá lọ tẹ́lẹ̀” kì í ṣe àwíjàre.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù jù ni àrùn dìgbòlugi. Ọ̀pọ̀ rò pé ti ajá nìkan ni. Rárá o! Bí ajá tó ní in bá bu ológbò jẹ, ológbò náà lè kó o ran èèyàn. Tí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára èèyàn, ẹni tó ń yè é ò wọ́pọ̀ rárá.

Bí ológbò bá bu yín jẹ ńkọ́?

Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ má fi ata tàbí epo sí i.

Ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, ẹ gbà á pé.

Ẹ má pa ológbò náà. Ẹ sé e mọ́lé fún ọjọ́ 10, kí dókítà ẹranko máa wò ó. Tára rẹ̀ bá le dọjọ́ kẹwàá, àrùn ò sí nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó buni jẹ. Àmọ́ ẹ má dúró de ọjọ́ náà kẹ́ ẹ tó gba abẹ́rẹ́.

Ìyá kan bi wá pé: “Tèmi kì í jáde, ṣé ó nílò abẹ́rẹ́?” Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ajá lè wọ àgbàlá. Tó bá ti pé oṣù mẹ́ta, ẹ gbé e lọ, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ìwé abẹ́rẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹjọ́ bá dé, ìwé yẹn lẹlẹ́rìí yín.