Oúnjẹ Ìyá Tí Oríkèé Ń Dùn

Ẹ̀yin òbí wa, àrùn oríkèé tí a ń pè ní rheumatoid arthritis a máa mú obìnrin tó ìlọ́po 2 sí 3 ju ọkùnrin lọ. Àwọn ọmọ-ogun ara fúnra wọn ni ó ń bá oríkèé jà. Bí dókítà bá ti dárúkọ rẹ̀ fún ìyá, ìkòkò ọbẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń yí padà: a ní kí ó má jẹ ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà mọ́. Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Àrùn yìí a máa mú kí iṣan ara joro; ebi yóò tún dá kún un. Ẹja ọlọ́ràá bíi Titus lè dín ìrora kù díẹ̀; ẹ̀fọ́ àti èso náà dára. Ṣùgbọ́n oúnjẹ kò lè rọ́pò oògùn. Ẹni tó bá pa oògùn tì, ọwọ́ rẹ̀ lè wọ́ títí láé.